Eré Ìrẹ̀ Kọ́, Kírikẹ́ẹ̀tì Ni

Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí ẹ wá orúkọ eré tí mo fẹ́ràn jù láyé, ìrẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ìrẹ̀ náà tó ń han nínú koríko lálẹ́, tí àwọn ọmọdé máa ń gbẹ́ ilẹ̀ wá kí wọ́n lè sun ún jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ kíláàsì wa fi sọ mí ní Ìyá Onírẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, ẹnì kan á fi ẹnu han bí ìrẹ̀, àwọn yòókù á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí orúkọ náà kò dùn mí rárá. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń dùn mí, èyí tí àwọn àgbàlagbà pàápàá máa ń sọ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Eré òyìnbó lèyí, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí, nítorí òun ni wọ́n fi gba pápá lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Arsenal, ìlú wo ló wà? Chelsea ńkọ́? Ní òpópónà tiwa, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wà tí wọ́n ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sàn-án Sátidé, ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Mo mọ bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tó kọ oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kan, tí kò mọ̀ pé òun wà láyé, gbá pẹ́náritì sójú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó bi bàbá yìí pé kí ló kàn án. Bẹ́ẹ̀ England ni bọ́ọ̀lù ti wá, Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1863. Àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù wá náà ló gbé kírikẹ́ẹ̀tì wá, pẹ̀lú ìwé owó orí àti sòkòtò péńpé tí wọ́n fi ń lọ sílé-ìwé. Ta ló wá jókòó tó sọ ọ̀kan di ọmọ ilé, tó sọ èkejì di àlejò?

Kírikẹ́ẹ̀tì ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní 1904, àwọn ará Èkó ti ń bá àwọn ará Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, figa gbága nídìí rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni Lugard tó da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Eré náà wọ King's College ní Èkó, ó wọ Government College ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ tó sì ta á níbẹ̀ wà lára àwọn tó di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n wa lẹ́yìn òmìnira. Pápá Race Course, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá àwọn òyìnbó kalẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, òun la ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, ẹ ó sì rí pápá kírikẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Àìmọye ènìyàn ló ti lọ síbẹ̀ fún ìpàtẹ ọjà, fún ìsọjí, fún ìpàdé òṣèlú, tí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ pápá kírikẹ́ẹ̀tì ni wọ́n páàkì mọ́tò wọn sí.

Mo gbà pé àwọn amúnisìn ló gbé e wá, mo sì gbà pé wọ́n fi ṣe fáàrí lé wa lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun fi eré náà ṣe. Ní erékùṣù Trinidad, wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí di òní, nítorí pé ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ọkọ̀ gbé dé ibẹ̀. Níbẹ̀, àti ní àwọn erékùṣù tó yí i ká, àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú gba báàtì lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ní 1950, ẹgbẹ́ West Indies na England ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ojúde àwọn tó ni eré. Ní 1984 wọ́n tún lọ, wọ́n bá wọn ta á lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n sì nà wọ́n ní márààrún. Ọmọ Trinidad ni Brian Lara, tó dá nìkan gba ayò 400 lọ́wọ́ England ní Antigua ní 2004, tí wọn kò sì rí i lé kúrò nídìí igi. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gba iye bẹ́ẹ̀ nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Learie Constantine, ọmọ Trinidad bákan náà. Ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti ta kírikẹ́ẹ̀tì ní Lord's. Ó ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan péré ni àwọn lè gbà wọ́n fún, nítorí pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Constantine kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó sì gbé hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ sílé ẹjọ́. Ó jàre ní 1944. Ní 1969 wọ́n fi í jẹ oyè ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá. Báàtì ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ fi di ìròyìn káàkiri. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún ni eré yẹn?

Ó dáa. Ẹ ti gbọ́ ti òkèèrè, ẹ jẹ́ ká bọ́ sílé.

Láti jẹ́ olólùfẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò tí kò sẹ́lòmíràn tó ń wò ó, iṣẹ́ ni. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní wàhálà: bí ó bá sùn, ariwo á jí i sọ fún un pé góòlù ti wọlé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ tọ́jú dátà. Mo gbọ́dọ̀ yá fóònù màmá mi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí ọjà, kí n tó lè wo iye ayò. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa eré tí mo fẹ́ràn yìí, nọ́ńbà ni mo fi rí i, kì í ṣe àwòrán. Mo máa ń ka iye ayò bí màmá mi ṣe ń ka ìwé gbèsè àwọn oníbàárà wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì máa ń fojú inú rí ẹni tó sáré, ẹni tó ṣubú, àti ẹni tó bínú ju báàtì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àlàyé. N kò rò pé ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan, nínú mọ́tò tàbí níbi tí a ti ń tò fún omi. Ènìyàn 11 ní apá kọ̀ọ̀kan. Igi mẹ́ta ní ìhín, igi mẹ́ta ní ọ̀hún, àlàfo àárín wọn sì tó ìwọ̀n mítà 20. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kí ó lè fi wó igi, ẹnì kan dúró pẹ̀lú báàtì láti dáàbò bò ó. Bí ó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ àyè, ìyẹn di ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé etí pápá, ayò mẹ́rin. Bí ó bá fò kọjá etí pápá láì kan ilẹ̀, ayò mẹ́fà. Bí ẹnì kan bá hán an kí ó tó kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a ti kú, kí ó jáde. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń jù kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹni tó ń jù. Ẹ rí i pé kò le. Ìyá ẹlẹ́kọ kan gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó dúró síwájú igi yẹn kò lè fi ẹsẹ̀ dí i ni?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè, nítorí pé òfin kan wà tó kọ ìyẹn gan-an, ó sì máa ń pẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ eré náà tó ronú kan ibẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ó ti gùn jù. "Ọjọ́ márùn-ún! Kí ẹ tún wá sọ pé kò sẹ́ni tó borí!" Èyí máa ń yà mí lẹ́nu lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Èdè wa ti ní orúkọ fún ìjà tí kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì: ọ̀mì. Bí kò bá sí irú rẹ̀ rí láàárín wa, níbo la ti rí ọ̀rọ̀ náà? Ẹ lọ sábẹ́ igi níbi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn òǹwòran á yí wọn ká, wọ́n á máa pa òwe, wọ́n á máa fi ọ̀pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kan á lọ jẹun, á padà wá bá wọn nídìí ọpọ́n kan náà. Bí kírikẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwa tí à ń ṣe òkú àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò lẹ́nu láti sọ pé ohun kan ti gùn jù! Àti pé irú èyí tí wọ́n ń ta ní wákàtí mẹ́ta ti wà báyìí, òun sì ni àwọn ẹgbẹ́ tiwa ń ta jù.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n lọ Government College Ìbàdàn nígbà èwe wọn. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ayò. Lọ́jọ́ kan mo fò bọ́ọ̀lù kan tí kò sí ayò nínú rẹ̀, mo fẹ́ lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "tó o síbẹ̀. Ẹni yẹn ju bọ́ọ̀lù, ó làágùn. Bí ayò kò bá wọlé, iṣẹ́ ẹni tó jù ú ni." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àmì tóótòòtó sí i, mo sì ti rí i pé àwọn àmì yẹn ló ń sọ ìtàn eré náà ju nọ́ńbà ńlá lọ. Olùkọ́ ìṣirò wa kò mọ ìdí tí ìdá àti ìpín kò fi ṣòro fún mi. Ìwé ayò ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní 20 January 2025, ní ìlú Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 bá New Zealand pàdé nínú Ife Àgbáyé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lọ síbẹ̀ nìyẹn. Òjò ti pa eré wọn àkọ́kọ́ pẹ̀lú Samoa. Òjò tún bá wọn jà lọ́jọ́ yìí, wọ́n sì gé eré náà kù sí bọ́ọ̀lù 78 fún apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wa gba ayò 65. Ó kéré, bí ẹ bá bi mí. New Zealand nílò 66 péré. Ó wá ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, ó ku ayò mẹ́sàn-án. Lucky Piety, ọ̀gágun wọn, gbé bọ́ọ̀lù lé Lillian Udeh lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà yẹn, ayò mẹ́fà péré ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ayò 63. A fi méjì borí. New Zealand! Orílẹ̀-èdè tí ọmọ ibẹ̀ ti ń di báàtì mú kí ó tó mọ̀wé kà.

Mo ka iye ayò náà lórí fóònù màmá mi, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo sì sáré jáde sí òpópónà. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún. Èyí ni ohun tí àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò lè mọ̀ láéláé: kí ayọ̀ kún inú ènìyàn débi tó fẹ́ bẹ́, kí gbogbo àdúgbò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn gbé e. Fún ọjọ́ méjì, àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Onírẹ̀ ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ta á. Ọjọ́ kẹta, ó tán.

Irú ìfẹ́ ọlọ́jọ́ méjì yẹn ni mo kórìíra. Ní November 2024, ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin wa gba ayò 271 lọ́wọ́ Côte d'Ivoire, wọ́n sì lé gbogbo wọn jáde ní ayò méje. Méje péré! Kò tíì sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ọkùnrin tó gba iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú irú eré náà rí. Àwọn tí kò mọ báàtì yàtọ̀ sí ọmọrogùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aládùúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn pé a borí, ṣùgbọ́n n kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ni, wọ́n sì dúró títí tí ẹni ìkẹyìn fi jáde. Àwa náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí: nínú Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní South Africa ní 2020, ayò 61 ni Australia lé gbogbo tiwa jáde sí. Ẹni tó bá ti ń bá eré kan bọ̀ tipẹ́ á rántí 61 nígbà tó bá rí méje.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti pápá.

Ní ilé-ìwé tí mo ń lọ, pápá kan wà lẹ́yìn kíláàsì. Kò dára, òkúta pọ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ sì máa ń wá jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la máa ń péjọ síbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Kápẹ́ńtà kan bá wa fi pákó arère gbẹ́ báàtì méjì, nítorí pé arère fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń là, a máa ń fi wáyà dì í. Bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì la máa ń fi téèpù dúdú àwọn oníná wé. Àwa fúnra wa la máa ń gé koríko àárín. A wọn mítà 20 pẹ̀lú okùn, a sì ri igi mẹ́ta-mẹ́ta mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a ti ìsinmi ọdún dé, búlọ́ọ̀kù ti pín pápá náà sí méjì. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló wà ní apá tó kọjú sí títì. Ọ̀kan ń ta irun, ọ̀kan ń ta káàdì fóònù, àwọn yòókù kò tíì rí ẹni gbà wọ́n. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Lórí pápá ilé-ìwé! Mo ti rí ọmọ kíláàsì kejì tó fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Nígbà tí a lọ béèrè, wọ́n ní ilé-ìwé nílò owó láti tún òrùlé ṣe, wọ́n sì ní apá tó kù tó fún bọ́ọ̀lù gbígbá. "Eré òyìnbó yín yẹn ni kò sáyè fún mọ́."

Èmi kò sọ pé òrùlé kò jò. Ó ń jò, mo ti jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ti ń wọlé láti ìgbà náà, òrùlé ṣì ń jò. Ẹ sì ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn kò sọ pé àwọn gba pápá lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Eré òyìnbó ni wọ́n ní àwọn lé lọ. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwa oníkírikẹ́ẹ̀tì nìkan ló pàdánù. Àwọn ọmọbìnrin kékeré tó ń ta tẹ́n-tẹ́n níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n ń ta á báyìí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, tí wọ́n bá wa rẹ́rìn-ín tẹ̀gàn lọ́jọ́ tí wọ́n lé wa, ti ń bá ara wọn jà lórí apá tó ṣẹ́kù. Gbólóhùn tí wọ́n fi lé tiwa ni wọ́n máa fi lé tiwọn lọ́la, wọ́n á kàn yí orúkọ eré padà ni.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin òbí kan ń rò: ọmọ yìí kò ní kàwé. Èsì ìdánwò mi wà nílé, màmá mi lè fi hàn yín. Mo mọ èyí tó tún ń bà yín lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà yín lẹ́rù lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù kírikẹ́ẹ̀tì gidi, awọ ni wọ́n fi rán an, ó le bí òkúta. Ní November 2014, Phil Hughes, ọ̀kan lára àwọn àgbà Australia, kú ní Sydney lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bà á lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dé akoto. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láìsí akoto, láìsí ìbòjúgun, láìsí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì kò pa ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ kò sì tó owó tí ọmọ máa fi ta tẹ́tẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣe fi ewu bọ́ọ̀lù awọ gba bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì lọ́wọ́ wa.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn tiwa náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ta kírikẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìwé olókìkí yín. Ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé oyè ni. Ẹ ń sọ nípa aṣọ funfun àti tíì aago mẹ́rin, ẹ sì ń rò pé ẹ ń yìn ín. Ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ ọ́ di eré òyìnbó! Àwọn ará Afghanistan kọ́ eré yìí nínú àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Pakistan, nínú eruku. Ní 2017 wọ́n gbà wọ́n sípò àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta ọlọ́jọ́ márùn-ún, ní 2024 wọ́n sì dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Ife Àgbáyé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè tíì. Dípò kí ẹ máa rántí aṣọ funfun, ẹ mú báàtì àtijọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín wá fún ilé-ìwé ìjọba tó sún mọ́ yín. Bàbá àdúgbò wa ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún, ó ṣì dára ju ti arère lọ.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n lé onítẹ́tẹ́ kúrò nínú ọgbà ilé-ìwé, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ béèrè ìwé owó ṣọ́ọ̀bù ní gbangba, kí a mọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà lọ. Èmi lè bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé tí kò fo nǹkan kan. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì rí ẹni gbà wọ́n, kí wọ́n wó wọn. Mẹ́rin ló wà lójú kan náà, ilẹ̀ ibẹ̀ tó fún mítà 20 wa, ó sì máa ṣẹ́kù fún tẹ́n-tẹ́n.

Títí di ìgbà yẹn, a ti rí àyè kan lẹ́yìn ilé ìlọta, tí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda fún wa lọ́jọ́ Sátidé títí di aago 11 kí àwọn oníbàárà tó pọ̀. Etí pápá ní apá kan jẹ́ ògiri ilé ìlọta, nítorí náà a ti ṣe òfin pé bọ́ọ̀lù tó bá kan ògiri jẹ́ ayò méjì, èyí tó bá wọ inú ẹ̀lùbọ́ sì jẹ́ òdo, kí ẹni tó gbá a lọ tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò wá kò ní san owó lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó kàn mú àga tirẹ̀ wá.